Bí Abẹnugan Ṣe Ń Dájọ́ Ọ̀rọ̀ Kòbákùngbé: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Gorí Àga

Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yàn ṣe abẹnugan ni mo ń kọ èyí sí: abẹnugan ilé aṣòfin akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ìlọrin tàbí ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kwara ní Màlété, ti ilé aṣòfin ọ̀dọ́ ní Ọ̀fà, Òmù-Àrán tàbí Òrò, títí kan alága ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú tó fẹ́ máa fi ìlànà ilé aṣòfin darí ìpàdé. Àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ wa ní Ìlọrin, 24 ni wọ́n, wọ́n sì ní akọ̀wé ilé tó máa ń rọra sọ ìlànà sí abẹnugan létí nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dojú rú. Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀yin má ní irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin nìkan lẹ máa wà lórí àga nígbà tí ẹnìkan bá fò dìde pé wọ́n bú òun.

Ohun kan ni kẹ́ ẹ mú dání kẹ́ ẹ tó ka ìyókù: gbólóhùn tó jáde lẹ́nu lẹ fẹ́ dá lẹ́jọ́, kì í ṣe ìjà tó wà nídìí gbólóhùn náà. Abẹnugan tó bá pa méjèèjì pọ̀ ti sọ ilé aṣòfin di kóòtù.

Mo ti jókòó sí ìpàdé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú kan nílẹ̀ Ìgbómìnà tí ẹnìkan ti sọ fún akápò àná pé, "Inú ikùn yín ni owó táńsífọ́mà wà." Akápò dìde, ó ní wọ́n bú òun. Dípò kí alága sọ̀rọ̀ lórí gbólóhùn yẹn, ó ní kí akápò wá ṣàlàyé bí owó ṣe rìn. Bí ríséètì ṣe jáde láti inú báàgì nìyẹn o. Ẹlòmíràn náà yọ tirẹ̀. Wọ́n pe oníwáyà lórí fóònù, wọ́n gbé e sí sípíkà kó lè bá gbogbo ilé sọ̀rọ̀. Wọ́n kírun Alásárì, wọ́n padà síbẹ̀; Màgàríbì tún bá wọn lórí táńsífọ́mà. Ọjọ́ ọdún ìlú tí wọ́n torí ẹ̀ pèpàdé, ẹnikẹ́ni ò dárúkọ rẹ̀.

Kí ìjà tó dé

Abala 101 nínú òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 fún ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan láṣẹ láti ṣètò bí yóò ṣe máa ṣe ìjókòó rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìwé ìlànà ilé ti wá. Kí ẹgbẹ́ yín náà ní tirẹ̀, ì báà má ju ojú ewé méjì lọ. Nípa ọ̀rọ̀ ẹnu, ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ kò pọ̀: kí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kọjú sí abẹnugan, kó má fi ìwọ̀sí lọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kó má sọ pé nítorí ikùn ara rẹ̀ ni ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi mú àbá wá, àti ohun tí abẹnugan lè ṣe fún ẹni tó bá ṣorí kunkun. Ẹ kà á sókè ní ìjókòó àkọ́kọ́, kó má bàa dà bíi pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ hu ú jáde nítorí ẹnìkan.

Ìlànà àkọ́kọ́ yẹn, kíkọjú sí abẹnugan, ni kẹ́ ẹ rọ̀ mọ́ jù. Ẹni tó bá ní, "Abẹnugan, ọlọ́lá tó ń ṣojú Ọ̀yún kò tíì ka ojú ewé kẹrin," ti sọ tẹnu rẹ̀, ìjà kò sì sí níbẹ̀. Àmọ́ tó bá kọjú sí ọ̀gbẹ́ni náà, tó nawọ́ sí i, tó ní, "Ìwọ, o ò mọ̀wé kà," ó ti di ti ilé ẹjọ́ àdúgbò. Nílé wa níbí, "ìwọ" nìkan tó dá ìjà sílẹ̀ láàárín ọ̀dọ́ àti àgbà, kí a má tíì dé orí ọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ènìyàn máa fi ibi tí wọ́n ń ṣojú pe ara wọn, kí abúrò máa pe ẹ̀gbọ́n ní ọlọ́lá, kí ẹ̀gbọ́n náà máa pe abúrò bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà máa kọ́kọ́ rojú. Ẹ má wo ojú wọn.

Nígbà tí ariwo bá sọ

Ẹni tí ọ̀rọ̀ bà á dìde, á kígbe "point of order", ìyẹn ni pé wọ́n ti rú ìlànà ilé. Ẹ dìde. Nílé aṣòfin Lọ́ńdọ̀nù, bí abẹnugan bá ti dìde, gbogbo ènìyàn gbọ́dọ̀ jókòó. Ẹ mú àṣà yẹn wá sílé. Ẹ má bá ariwo du ariwo, ẹ má fi igi lu tábìlì bí ẹni ń lu àgídìgbo. Ẹ kàn dúró síbẹ̀ kí ẹ dákẹ́. Ó máa ń ṣiṣẹ́ ju kéèyàn pariwo lọ, nítorí ojú máa ń ti ẹni tó bá ṣẹ́kù tó ń dá sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí ẹni tó mú ẹ̀sùn wá dáhùn ohun mẹ́ta péré. Gbólóhùn wo? Ta ló sọ ọ́? Ìlànà wo ló ta kò? Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé, "Abẹnugan, láti ọdún tí ọkùnrin yìí ti du ipò lọ́wọ́ mi," ẹ dá a dúró. Ìtàn ló ń sọ. Ẹ tún wò ó bóyá ó mú un wá lásìkò. Ojú ẹsẹ̀ tí wọ́n sọ ọ́, tàbí gbàrà tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bá jókòó, ni àkókò ẹ̀sùn. Ẹni tó gbọ́ ọ lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó rẹ́rìn-ín sí i, tí àwọn ará adúgbò wá ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ Jímọ̀, tó wá rántí pé ó dun òun, ẹ sọ fún un pé àkókò ti lọ. Àyàfi tí kò bá sí níjókòó lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ gbọ́? Ìbéèrè yìí ni ọ̀pọ̀ abẹnugan tuntun ń fò. Bí ẹ bá gbọ́, ẹ lọ sí ìgbésẹ̀ tó kàn. Bí ẹ kò bá gbọ́, ẹ má ṣe bí ẹni gbọ́. Ẹ bi ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn: "Ṣé ẹ sọ ọ́?" Ó yà mí lẹ́nu bí ó ṣe pọ̀ tó tí wọ́n máa ń dáhùn pé "Mo sọ ọ́", tí ọ̀rọ̀ á sì rọrùn. Bó bá sẹ́, tí ẹ kò sì gbọ́, ẹ ní kí akọ̀wé wo àkọsílẹ̀ tàbí kó gbọ́ ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀, kí ẹ sì ṣèlérí ìdájọ́ fún ìjókòó tó ń bọ̀. Ohun tí wọ́n ń ṣe ní Kánádà nìyẹn bí ariwo bá bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ má gba ẹ̀rí lẹ́nu àwọn tó jókòó yí i ká: ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ á ní àwọn ò gbọ́, ẹgbẹ́ kejì á ní àwọn gbọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí ẹ ó ṣe wọn ọ̀rọ̀ náà

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an nìyí, ẹ má kánjú kọjá.

Kò sí ilé aṣòfin kan tó ní ìwé ọ̀rọ̀ èèwọ̀ tó pé. Ọ̀rọ̀ tó jẹ́ àwàdà lẹ́nu ẹnìkan lówùúrọ̀ lè jẹ́ ọfà lẹ́nu ẹlòmíràn nírọ̀lẹ́. Àwọn abẹnugan Kánádà ní òṣùwọ̀n kan tí mo fẹ́ràn: wọ́n ń wo ohùn tí wọ́n fi sọ ọ́ àti bí wọ́n ṣe sọ ọ́, ohun tí ẹni tó sọ ọ́ ní lọ́kàn, ẹni tí wọ́n sọ ọ́ sí, bóyá wọ́n ti kọ́kọ́ tọ́ ẹni tó sọ̀rọ̀ níjà, àti bóyá ọ̀rọ̀ náà da ilé rú. Ẹ kò ní láti ka gbogbo rẹ̀ sókè. Ẹ kàn fi wò ó lọ́kàn yín láàárín ìgbà tí ilé ń dákẹ́.

Àwọn kan wà tí kò nílò òṣùwọ̀n. Pípe ẹlẹgbẹ́ ẹni ní òpùrọ́ tàbí olè. Bíbú ìyá, bàbá tàbí ìdílé rẹ̀. Fífi ẹ̀sìn tàbí àbùkù ara bú u. Ní ìpínlẹ̀ Kwara, èmi á fi ọ̀kan kún un: kí ẹnìkan sọ fún ẹlòmíràn pé àtọ̀húnrìnwá ni, pé kì í ṣe ọmọ bíbí ibi tó ń ṣojú. Ìlọrin nìlú yìí. Yorùbá, Fúlàní, Haúsá, Tápà, gbogbo wọn ló ní adúgbò àti ìtàn níbẹ̀. Ìgbómìnà, Ìbọ̀lọ́ àti Èkìtì wà ní gúúsù, Ìbàrìbá wà lókè lọ́hùn-ún. Bí ẹ bá fàyè gba "ẹ padà síbi tí bàbá yín ti wá" lẹ́ẹ̀kan, ìjókòó tó kàn kò ní sọ̀rọ̀ nípa ohun mìíràn. Ẹ má dúró de ẹ̀sùn lórí èyí. Ẹ fúnra yín dá a dúró.

Àwọn kan tún wà tí kò yẹ kí ẹ dá dúró rárá. "Àbá yìí kò lórí, kò nídìí" dun ẹni tó mú àbá wá, àmọ́ àbá ni wọ́n bú. "Ẹgbẹ́ òṣèlú yín ba ìpínlẹ̀ yìí jẹ́" le létí, àmọ́ ẹgbẹ́ ni, kì í ṣe ènìyàn kan. Ẹ wo "Ó tó gẹ́" tí wọ́n fi ṣe ìbò ọdún 2019 ní Kwara. Bí ọ̀dọ́ kan bá sọ ọ́ sí ẹgbẹ́ kejì níjókòó lónìí, ọ̀rọ̀ ìpolongo ni, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó kọjá. Wọ́n lè fi "Ó tún ya" dá a lóhùn. Àmọ́ bó bá yíjú sí ọmọ ilé kan, tó ń nawọ́ sí i pé "ìdílé yín la ní ó tó gẹ́ fún", ó ti kúrò lórí ìṣèlú. Gbólóhùn kan náà ni, ibi tó dorí kọ ló yàtọ̀.

Òwe ló ń dààmú abẹnugan jù lọ láàárín wa. Aṣòfin Lọ́ńdọ̀nù tó bá fẹ́ bú ènìyàn á bú u gbangba. Tiwa á fi òwe wé e, á sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ wo méjì yìí. Ẹnìkan ní, "Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ." Ẹni tó kọ̀ láti gba ìmọ̀ràn fò dìde: "Ó pè mí lájá!" Rárá o. Kò sí ẹni tó gbọ́ Yorùbá nínú yàrá yẹn tó rò pé ajá ni wọ́n pè é, ìkìlọ̀ ni. Ẹ ní kó jókòó. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ní owó kànga ni ilé ń jíròrò, owó náà kò pé, ẹni tó tọ́jú rẹ̀ lọ́dún tó kọjá sì jókòó síbẹ̀. Ẹnìkan wá wo ojú rẹ̀ tààrà, ó ní, "Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé." Ó ti pè é lólè. Kò darúkọ rẹ̀, kò sọ pé ó jalè, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọmọdé tí kò mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí. Ẹ ní kó kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ, ìyẹn ni pé kó gba ọ̀rọ̀ náà padà. "Tótó, ó ṣe bí òwe" tó fi ṣíwájú rẹ̀ kò gbà á sílẹ̀.

Ẹ má sì bi olówe léèrè ohun tó ní lọ́kàn. Yóò sọ fún yín pé ilé bàbá òun lòún ń wí. Ohun tí ẹ ó bi ara yín ni pé: ẹni tó gbọ́ èdè yìí, tó sì mọ ohun tí ilé ń jíròrò, kí ni yóò gbọ́? Bó bá wà níjókòó ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá, ọmọ Barútẹ́ẹ̀n tàbí Pàtígì, ẹ sọ ìtumọ̀ rẹ̀ sókè ní ṣókí kí ìdájọ́ má dà bí ọ̀rọ̀ ìdílé. Abala 97 nínú òfin ilẹ̀ wa ní Gẹ̀ẹ́sì ni ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ yóò máa lò, ó sì gba ilé láyè láti fọwọ́ sí èdè mìíràn tí wọ́n ń sọ ní ìpínlẹ̀ náà. Òwe kì í dúró de ìfọwọ́sí ní tirẹ̀.

Ìdájọ́ fúnra rẹ̀

Kó kúrú. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ tí ẹ ń dá lẹ́jọ́, ẹ sọ bóyá ó bá ìlànà mu, ẹ sọ ìdí kan, ẹ pàṣẹ. Báyìí:

"Ọlọ́lá tó ń ṣojú Ìsìn sọ pé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ owó kànga. Ọ̀rọ̀ náà kò bá ìlànà ilé mu, nítorí ó fi ẹ̀sùn olè kan ọmọ ilé láìsí àbá níwájú wa. Mo ní kó kó o jẹ."

Bí ẹ̀sùn kò bá fẹsẹ̀ múlẹ̀: "Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ó le, kò sì rú ìlànà. Ọlọ́lá, ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ." Ó tán. Ẹ má wàásù. Ẹ má sọ pé méjèèjì ló jẹ̀bi kí inú gbogbo ènìyàn lè dùn. Ìyẹn dára fún ìyá tó ń làjà láàárín ọmọ, àmọ́ níbí ẹni tí wọ́n bú á rò pé ẹ ti ta òun.

Bí ẹ bá ti pàṣẹ, ohun tí ẹ fẹ́ gbọ́ ni "Mo kó o jẹ", láìsí ìrù lẹ́yìn. "Mo kó o jẹ, àmọ́ ẹ̀yin náà mọ̀ pé òótọ́ ni" kì í ṣe kíkó jẹ. Kí wọ́n má fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ pẹ̀lú. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, Pierre Poilievre, tó jẹ́ aṣáájú alátakò ní Kánádà, fi ọ̀rọ̀ tó fara pẹ́ "wèrè" sọ̀rọ̀ sí olórí ìjọba Justin Trudeau. Abẹnugan Greg Fergus ní kó kó o jẹ. Poilievre ní òun á fi "agbawèrèmẹ́sìn ìṣèlú" àti irú rẹ̀ pààrọ̀ rẹ̀. Fergus kò gbà, ó tún béèrè, nígbà tó yá ó lé e jáde fún ọjọ́ náà. Ẹgbẹ́ Poilievre bínú wọ́n jáde tẹ̀lé e. Ọ̀rọ̀ tí a fi pààrọ̀ èébú, bí kò bá ju èébú náà lọ, kì í sábà kéré sí i.

Ọdún 2016 ni ti Dennis Skinner, aṣòfin kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó fi orúkọ ìnagijẹ pe olórí ìjọba David Cameron, èyí tó túmọ̀ sí pé ọwọ́ rẹ̀ kò mọ́. Abẹnugan John Bercow fún un láyè láti kó o jẹ. Ó tún un sọ. Bercow ní kó jáde. Ẹ ṣàkíyèsí bó ṣe yára: àyè kan, àtúnsọ kan, ìta. Èmi á gbà yín nímọ̀ràn àyè méjì, nítorí ẹni tí orí rẹ̀ gbóná kì í sábà gbọ́ ti àkọ́kọ́.

Bó bá jẹ́ òótọ́ ńkọ́?

Wọn yóò bi yín, ẹ̀rín ẹ̀gàn á sì wà lẹ́nu wọn: "Abẹnugan, ṣé ẹ ní kí n kó òótọ́ jẹ?" Ìdáhùn ni pé ẹ kò tíì sọ pé irọ́ ni. Ẹ sọ pé ọ̀nà tó gbà gbé e wá kọ́ ni ọ̀nà.

Ní oṣù keje ọdún 2021, Dawn Butler sọ nílé aṣòfin Lọ́ńdọ̀nù pé olórí ìjọba Boris Johnson ń parọ́ fún ilé. Wọ́n ní kó tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ rò, ó kọ̀, wọ́n mú un jáde. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí iyì ilé náà, lẹ́yìn ìwádìí gígùn lórí àwọn àríyá ìgbà kòrónà, sọ pé Johnson mọ̀ọ́mọ̀ ṣi ilé lọ́nà ni. Àwọn kan fi ìyẹn sọ pé wọ́n ṣẹ̀ Butler. Bí mo ṣe rí i ni pé ìgbìmọ̀ wà fún ẹ̀sùn, wọ́n gbọ́ ẹ̀rí, ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn rí àyè wí tẹnu rẹ̀. Kò sí èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí nínú gbólóhùn kan tí èèyàn jù sílẹ̀ níbi àríyànjiyàn. Nítorí náà, ẹ sọ fún ẹni tó bá ní ẹ̀rí pé kó kọ àbá, kó fi ẹ̀rí tì í, kí ilé dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀. Kí akọ̀wé fún un ní ọjọ́. Bó bá ní ẹ̀rí lóòótọ́, inú rẹ̀ á dùn sí i.

Bó bá kọ̀ jálẹ̀

Ẹ fi í sí ìta, àmọ́ kó mọ níwọ̀n. Ní Ọsirélíà, abẹnugan lè ní kí ọmọ ilé tó ń da ìjókòó rú lọ gba afẹ́fẹ́ fún wákàtí kan. Mi ò mọ ohun tó dára tó ìyẹn fún ilé aṣòfin akẹ́kọ̀ọ́. Ní Lọ́ńdọ̀nù, abẹnugan lè lé e fún ìyókù ọjọ́. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ilé gbọ́dọ̀ dìbò, ìgbà àkọ́kọ́ sì jẹ́ ọjọ́ ìjókòó márùn-ún.

Tiwa ní Nàìjíríà, ọwọ́ wa máa ń le. Ọdún 2012 ni ilé aṣòfin Bauchi dá Rifkatu Danna dúró nítorí ọ̀rọ̀ tó sọ níjókòó lórí olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Tafawa Balewa. Ó gbé wọn lọ sí kóòtù, kóòtù sì gbè é. Nígbà tí ọmọ Ìlọrin, Bùkọ́lá Sàràkí, wà lórí àga ilé aṣòfin àgbà, wọ́n dá Ali Ndume dúró lọ́dún 2017 àti Ovie Omo-Agege lọ́dún 2018, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún 90 ọjọ́ ìjókòó. Kóòtù fagi lé méjèèjì. Ohun tí àwọn adájọ́ ń tún sọ ni pé aráàlú tó dìbò fún ẹni yẹn ni ẹ pa lẹ́nu mọ́. Ẹ rántí àwọn tó rán an wá kí ẹ tó sọ oṣù mẹ́ta.

Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ sọ ọ́

Ó máa ń ṣẹlẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2024, Godswill Akpabio tó jẹ́ ààrẹ ilé aṣòfin àgbà bá Sẹ́nétọ̀ Natasha Akpoti-Uduaghan wí níjókòó, ó sì mẹ́nu ba ilé ijó alẹ́. Ariwo sọ láàárín ìlú, ó sì wá tọrọ àforíjì nílé náà ní gbangba. Bí ẹ̀sùn bá kàn yín, ẹ má jókòó dá a: ẹ pe igbákejì yín sórí àga, kí ẹ bọ́ sílẹ̀, kí ẹ dáhùn bí ọmọ ilé yòókù. Bí ẹ bá jẹ̀bi, ẹ kó o jẹ kíákíá ju bí ẹ ṣe ń retí lọ́dọ̀ wọn. Ilé kò ṣaláìlágbára lórí yín. Abala 92 nínú òfin ilẹ̀ wa sọ pé ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ọmọ ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ lè yọ abẹnugan. 16 nìyẹn nínú 24 ti Kwara.

Kí akọ̀wé kọ ohun mẹ́ta sílẹ̀: ọ̀rọ̀ náà bó ṣe jáde lẹ́nu, ìdájọ́ yín, àti pé wọ́n kó o jẹ tàbí wọn ò kó o jẹ. Kí wọ́n má pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́ nínú àkọsílẹ̀, nítorí abẹnugan tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín á nílò rẹ̀ láti mọ ibi tí ẹ fa ìlà sí. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ padà sórí owó kànga, kí ẹ sì pe ẹnìkẹta láti sọ̀rọ̀, ẹni tí kò dá sí ìjà náà rárá.